Ọmọ mi dókítà ojú ti di akọ̀wé ẹgbẹ́: ṣé kí n dá a lẹ́kun?

Ìyá kan láti Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo lò: "Ọmọ mi obìnrin jẹ́ optometrist. Ọdún mẹ́fà ló lò ní yunifásítì. Owó ìfẹ̀yìntì mi la fi ra ẹ̀rọ tó fi ń wo ojú, mo sì yá ìyókù lọ́dọ̀ àwọn alájẹsẹ́kù. Ọdún kẹta rèé tó ti ṣí ilé ìtọ́jú ojú tirẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀. Lónìí ìpàdé, lọ́la wọ́n ń lọ rí kọmíṣọ́nnà, lọ́tùnla wọ́n ń lọ wo ojú àwọn ọmọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn aláìsàn á dé, wọ́n á yíjú padà. Àbúrò ọkọ mi ní onígíláàsì lásán ni, kí ni onígíláàsì ń ṣe olórí lé lórí? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ èsì tí màá fọ̀. Glaucoma ló fọ́ ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí náà mi ò fojú kéré iṣẹ́ ojú. Ṣé iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ní láárí, àbí kí n dá a lẹ́kun kó gbájú mọ́ èyí tó ń mówó wọlé?"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa, ẹ sì kú làálàá ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò, nítorí ọ̀rọ̀ tí ìyá tèmi náà bá mi sọ nígbà tí mo wà níbi tí ọmọ yín wà lónìí ni mo bá pàdé níbẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo ojú èèyàn. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, mo sì ti ṣe alága. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹrù méjì lẹ dì pọ̀. Ọ̀kan ni owó: gbèsè alájẹsẹ́kù kò mọ̀ pé ọmọ lọ sípàdé, bí oṣù bá ti pé, wọ́n á gba tiwọn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò ọkọ yín sọ, tó mú kí ẹ máa bi ara yín bóyá ohun tí ọmọ yín ń lé kiri tilẹ̀ jẹ́ nǹkan gidi. Ti ẹ̀yìn yìí ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí bí a kò bá yanjú rẹ̀, kò sí ohun tí mo máa sọ nípa owó tó máa wọ̀ yín létí.

Onígíláàsì ni wọ́n ń pè wá nílé àti lọ́jà. Kò sí ẹ̀gàn nínú gíláàsì, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn da iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni kan wà tó ń gé gíláàsì, tó ń tò ó sínú férémù, tó ń tọ́ ọ títí tí yóò fi bá imú àti etí mu. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, òfin sì mọ̀ ọ́n. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wà, ẹni tó kọ́ ìṣègùn gbogbo ara kó tó kọ́ ti ojú lé e. Òun ló ń la ojú tí kátáráàtì, ìyẹn nǹkan funfun tó ń ṣú bo ẹyinjú, bò. Ọmọ yín ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ojú kọ́kọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń wá nọ́ńbà gíláàsì tó bá ojú mu, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tan iná sínú ẹyinjú kó lè wo iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ, tó ń wọn bí omi inú ojú ṣe le tó, tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà ti ta sẹ́yìn ojú nígbà tí ẹni náà kò tíì mọ̀ pé ṣúgà ń ṣe òun. Ó ń tọ́jú èyí tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìwé gbé ìyókù lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n yín. Glaucoma ni àrùn tó ń ba iṣan ìran yẹn jẹ́. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í dunni, kì í mú ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ìran bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Ẹni tó bá ra gíláàsì ìkàwé lórí títì, tó rí i pé òun ti ń rí Bíbélì òun kà, á gbà pé ojú òun ti dá. Ẹni tó tà á fún un kò ní iná tó máa tàn wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wá ní kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi olórí ṣe, ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá wá ṣe iṣẹ́ ìdánrawò lọ́dọ̀ mi. Ní New York, lọ́dún 1892, onígíláàsì kan tó ń jẹ́ Charles Prentice yẹ ojú aláìsàn kan wò, ó sì darí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ gbajúmọ̀ dókítà ojú kan, Henry Noyes. Dọ́là 3 ló gbà fún àyẹ̀wò náà. Inú bí dókítà. Ó ní ẹni tó ń ta gíláàsì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ìmọ̀, owó ọjà nìkan ló yẹ kó gbà. Ọ̀rọ̀ di ìhàlẹ̀. Àwọn dókítà kan ń sọ pé ó ń ṣe ìṣègùn láìní ìwé àṣẹ. Prentice ì bá dákẹ́, kó máa ta gíláàsì rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n kọ àbá òfin, wọ́n gbé e lọ sílé aṣòfin, àwọn aṣòfin sì já a dànù. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin náà, lọ́dún 1901. New York tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣe é títí di 1908, ọdún 16 lẹ́yìn dọ́là 3 yẹn. Nígbà tó fi máa di 1924, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní tirẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n jà lé lórí dáadáa: pé kí ẹni tó yẹ ojú wò lè gba owó àyẹ̀wò, kódà bó bá rí i pé ojú náà kò nílò gíláàsì rárá. Bí owó ọjà nìkan ló bá ń jẹ, yóò máa ta gíláàsì fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ààbò aláìsàn ló wà nínú ìjà yẹn, bó tilẹ̀ dà bí ìjà owó.

Tiwa náà kò yá kíákíá. Ọdún 1968 ni wọ́n dá Nigerian Optometric Association sílẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ náà kò tíì tó nǹkan ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bọ̀. Lójú òfin, kò sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára ẹni tó gbé gíláàsì kọ́rùn ní mọ́tò páàkì. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Bìní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níṣẹ́ yìí, tí àwọn yunifásítì mìíràn tẹ̀ lé e, títí kan ti Ìlọrin nítòsí wa. Òfin tó gbé ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn optometrist àti àwọn tó ń gé gíláàsì kalẹ̀ kò jáde àfi lọ́dún 1989, Decree 34 ti ọdún náà. Láti 1968 sí 1989, ọdún 21 nìyẹn. Àwọn kan ló fi ọdún 21 yẹn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n gbé fáìlì sábẹ́ apá, tí wọ́n lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n ní ìyá. Ó dá mi lójú pé àwọn ìyá wọn béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí. Ìwé àṣẹ tí ọmọ yín gbé kọ́ ara ògiri, èyí tí ẹ yá owó lé lórí, ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo sì mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Alága ló ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà, akọ̀wé ló mọ lẹ́tà tó ti lọ àti èyí tí wọn kò tíì fèsì. Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú mi, inú àpò ìrẹsì ló kó ìwé ẹgbẹ́ sí fún mi, àpò náà sì pẹ́ nínú bùùtì ọkọ̀ mi kí n tó ráyè tú u. Lọ́jọ́ tí mo tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì, mo rí lẹ́tà kan tí wọ́n kọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan, pé kí wọ́n gba optometrist sí àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní ìgbèríko. Ẹ̀dà mẹ́ta ni, ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé mẹ́ta ló kọ lẹ́tà kan náà, kò sí èyí tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti kọ ọ́. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo fi ìkẹrin sórí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà ní ọjọ́rú ọjọ́rú. Ní ọjọ́rú karùn-ún, ọ̀gá kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á lójú mi láti òkè délẹ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n gbà lọ́dún yẹn. Méjì péré, lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní ìlú tí wọn kò ti ní dókítà ojú rí kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ọmọ yín tó ń to ìwé sínú fáìlì ní aago mọ́kànlá alẹ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ tún mẹ́nu ba àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń lọ wo ojú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti di ẹfun mú níwájú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, lẹ́yìn ìlú. A lẹ bébà tí wọ́n kọ lẹ́tà E sí mọ́ ògiri, òmíràn kọjú sókè, òmíràn kọjú sílẹ̀, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́. A fi okùn wọn mítà mẹ́fà, a fi ẹfun sàmì síbi tí ọmọ máa dúró sí. Kò dìgbà tí ọmọ bá mọ̀wé. Ọwọ́ ló máa fi júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọjú sí. Tíṣà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọ̀lẹ ni ọmọkùnrin kan báyìí, pé inú ìwé ẹnìkejì rẹ̀ ló ti máa ń wò kọ. Ọmọ náà dúró sórí àmì ẹfun, kò júwe ohunkóhun. Mo ní kó máa sún mọ́ ọn. Ó rìn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà kó tó gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé férémù ìdánwò lé e lójú, mo ń ki gíláàsì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé máínọ́ọ̀sì mẹ́fà, gíláàsì tó lágbára gan-an fún ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán. Ó dákẹ́. Ó wo pátákó, ó wo ojú fèrèsé, ó wá kọjú sí tíṣà rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Àńtí, àṣé ẹ ti ń hewú." Tíṣà náà jáde lọ síta, kò sì tètè wọlé padà. Ó tó ọdún méjì tó ti ń na ọmọ náà nítorí ìwé tí kò rí.

Gíláàsì tí a kó lọ lọ́jọ́ náà kò kárí àwọn tó nílò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan kò lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, ó hàn pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti pé ogójì ọdún sókè, mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni kò ríran mọ́. Kátáráàtì ló fa nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà, 84 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ èyí tí a lè dènà tàbí kí a wò sàn. Nínú àwọn tí ìran wọn kàn dín kù níwọ̀nba, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé gíláàsì lásán ni wọn kò ní. Èyí tó ń gbóná lára mi nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àrùn tí ayé kò mọ oògùn rẹ̀, gíláàsì ni. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹni tó bá wọlé la lè tọ́jú. Ẹni tí kò wọlé, nítorí kò lówó ọkọ̀ tàbí nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kó máa kán omi ṣúgà àti ìtọ̀ sójú, ètò ìlú ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìlú. Lọ́dún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ìlera àgbáyé fẹnu kò pé, kó tó di 2030, kí ìpín àwọn tó ń rí gíláàsì tó péye gbà láàárín àwọn tó nílò rẹ̀ fi ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìwé tí wọ́n fẹnu kò lé lórí yẹn kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi wọ mọ́tò lọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé olówó nìkan ló lè ráyè irú nǹkan báyìí. Lọ́dún 1969, ọdún kan lẹ́yìn tí tiwa bẹ̀rẹ̀, àwọn optometrist aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Richmond, Virginia, National Optometric Association. C. Clayton Powell àti John Howlette ló ṣíwájú. Wọn kò pọ̀, iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkálukú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú wọ iléèwé optometry, ẹgbẹ́ náà sì ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn nípa ohun mẹ́ta tó ń ṣọṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́: glaucoma, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé kò sí nínú ilé yín? Kovin Naidoo ní tirẹ̀, optometrist kan ní South Africa, ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó bá apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀, jà. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ó fi iṣẹ́ ojú gbé ilé ìwádìí kan ró ní Durban, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń jà kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò ní iléèwé optometry lè ní in.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, ìyá wa. Iṣẹ́ yìí gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí mi. Nígbà tí mo jẹ́ alága, mo lọ sípàdé ní Àbújá fún ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè wá sílé ìtọ́jú mi. Ó ní orí ń fọ́ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ń ro òun, òun sì ń rí àwọ̀ òṣùmàrè tó yí gílóòbù ká. Ọmọ tó ń gbàlejò sọ fún un pé dókítà ò sí, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò mọ̀ pé àmì omi inú ojú tó ti le jù nìyẹn, pé wákàtí ni wọ́n ń kà fún un, kì í ṣe ọ̀sẹ̀; èmi ni mi ò kọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni obìnrin náà padà, ọmọ rẹ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú wọlé. Ojú ọ̀tún ti lọ. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì gba ojú òsì là. A ṣì máa ń pàdé lọ́jà, ó máa ń kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà, mi ò sì lè sọ bí ìkíni náà ṣe máa ń rí lára mi. Láti ìgbà náà ni mo ti lẹ ìwé kan mọ́ tábìlì ìgbàlejò: ẹni tí ìran rẹ̀ bá dédé lọ, tó bá ń rí ìmọ́lẹ̀ bí mànàmáná, tí ojú rẹ̀ bá ń ro ó tó sì pọ́n, tó bá rí òṣùmàrè yí iná ká, tàbí tí kẹ́míkà bá ta sí lójú, kò gbọdọ̀ padà sílé, ibi tó máa lọ lónìí rèé, nọ́ńbà tí ẹ máa pè rèé. Bí ọmọ yín kò bá tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ owó lè dúró de ọ̀la, èyí kò lè dúró.

Ṣé kí ẹ wá dá a lẹ́kun? Bí ẹ bá dá a lẹ́kun pátápátá, owó lè gbé pẹ́ẹ́lí sí i, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ọjọ́ mélòó kan lóṣù kì í ṣe kékeré fún ilé ìtọ́jú tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí sínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ibi tí iléèwé fi ìmọ̀ wọn sí náà ló wà. Bí ojú kan bá rú wọn lójú, wọn kò ní ẹni tí wọ́n lè pè lálẹ́. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yìí, á rẹ̀ ẹ́, gbèsè á ga, yóò fi ìbínú kúrò, ẹni tó bá sì fi ìbínú kúrò nínú ẹgbẹ́ kì í padà mọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá ní kó parí sáà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ti ẹgbẹ́, kó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, kó sì má jẹ́ kí ìpàdé kankan rá pálá kọjá ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ yẹn, kó wá adelé. Àwọn ọmọ tó ti gba ìwé àṣẹ tí wọn kò tíì lówó ṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa san owó òòjọ́ fún wọn. Bí aláìsàn mẹ́ta mẹ́rin bá wọlé, owó adelé ti jáde. Kó má fi owó ara rẹ̀ ṣe nǹkan ẹgbẹ́. Èmi ṣe é, mo fi owó iléèwé àwọn ọmọ mi tẹ ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ́, títí di òní kò sẹ́ni tó san án padà, aya mi kò sì gbàgbé. Kó mú ohun kan péré tó fẹ́ kó yanjú kí sáà rẹ̀ tó tán, bóyá ti àwọn ọmọ iléèwé yẹn, kó má dáwọ́ lé mẹ́wàá. Bí sáà bá tán, kó to ìwé, kó kà á lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kó sinmi ọdún mélòó kan kó tó gba ipò mìíràn. Àwọn ènìyàn yóò pọ́n ọn lé pé òun nìkan ló lè ṣe é. Kó má gbọ́.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ipò ẹgbẹ́ á máa fa aláìsàn wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sọ òótọ́ tán. Ó lè mú díẹ̀ wá, kò tó ohun tí ẹ máa fi san gbèsè. Òṣèlú sì wà nínú ẹgbẹ́ wa bó ṣe wà nínú gbogbo ẹgbẹ́: àwọn kan á pariwo jù lórí àwọn ayédèrú dókítà ojú, wọn kò ní san owó ẹgbẹ́. Ìfanfà àárín àwa àti àwọn oníṣẹ́ abẹ, lórí oògùn tí a lè kọ fún aláìsàn, kò tíì tán, mo sì ti jókòó sí ìpàdé tí ohùn ti le débi pé a gbàgbé aláìsàn tí a torí rẹ̀ wá. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátáráàtì wọ inú ẹyinjú lọ ṣì ń rìn láti ìlú dé ìlú, ẹgbẹ́ kò sì lágbára láti mú wọn. Ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àti ọlọ́pàá ló lè ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí mo fi ọdún mi lé kiri, èyí tó yọrí kò tó ìdajì. Mi ò rí ìwé owó ọmọ yín, mi ò sì mọ bí oorun rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Ẹ̀yin lẹ ń bá a gbé. Bí gbèsè náà bá ti ń lé e kúrò lórí ibùsùn, bí ara rẹ̀ bá ń jó, ẹ jẹ́ kó fi ipò náà sílẹ̀ láìsí ìtìjú, kó kọ lẹ́tà tó dáa, kó sì máa lọ sípàdé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ìyẹn náà jẹ́ ìsìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè kí ẹ tó pinnu fún un. Ẹ ní kó sọ ohun kan fún yín tó ti yí padà láti ìgbà tó ti di akọ̀wé, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè. Ẹ ní glaucoma ló fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n yín. Ewu rẹ̀ sún mọ́ ọmọ ìyá ẹni tó bá ní in ju ẹlòmíràn lọ, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga. Nínú lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta, kò síbi tí ẹ ti sọ pé ọmọ yín ti wo ojú tiyín rí. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá tutù, ẹ jókòó bí aláìsàn yòókù, ẹ jẹ́ kó wọn bí omi inú ojú yín ṣe le tó, kó kán oògùn tó ń la ẹyinjú sí i, kó sì wo ẹ̀yìn ojú méjèèjì dáadáa. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà wá. Ojú yín á ṣú díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oògùn náà, nítorí náà ẹ mú ẹni tó máa sìn yín wálé dání.